Ọkọ̀ tí a ń dì, tí a kì í kàn: káyákì aláwọ fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́

Lédè Yorùbá, kíkàn ni à ń kan ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bá káyákì aláwọ, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn kan ń jókòó sínú rẹ̀ fi àjẹ̀ wà, mu, torí kò sí ìṣó kankan nínú rẹ̀. Igi tín-ín-rín ni egungun rẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń dì í pọ̀, aṣọ ni wọ́n ń fà bò ó bí ẹni ń fa awọ sójú ìlù, ọ̀dà ni wọ́n sì fi ń dí ojú aṣọ náà kí omi má bàa wọlé. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà wúwo ju kílò 15 lọ. Ènìyàn kan lè gbé e lé èjìká lọ sétí omi.

Àwọn Inuit, ọmọ ilẹ̀ Greenland, erékùṣù yìnyín tó wà ní àríwá ayé, ló ni irú èyí tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí. Qajaq ni wọ́n ń pè é, inú orúkọ yẹn ni káyákì ti wá. Ilẹ̀ wọn kò ní igbó tí wọ́n lè gé igi nínú rẹ̀, nítorí náà igi tí òkun gbé wá, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti inú àwọn odò Siberia wá, ni wọ́n ń ṣà létíkun láyé àtijọ́. Awọ séálì, ẹran inú òkun olótùútù kan, ni wọ́n fi ń bo ọkọ̀ nígbà náà, kí aṣọ tó rọ́pò rẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń rán an: abẹ́rẹ́ á wọ awọ dé ìdajì nínípọn rẹ̀, kò ní yọ sódì kejì, omi kò sì ní rí ihò gbà wọlé. Ara ẹni tó máa wà á ni wọ́n fi ń wọn ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ṣe ń wọn ara oníbàárà.

Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe é máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni aṣọ àti ọ̀dà. Aṣọ kọ́ ni wàhálà. Pákó méjì tó máa di etí ọkọ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá jẹ́ Táyé àti Kẹ́hìndé, ọkọ̀ á lọ́, ọkọ̀ tó lọ́ á sì máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí ẹ ó fi jáwọ́ nínú rẹ̀. Kò sí aṣọ tó lè bo àṣìṣe yẹn.

Ìwọ̀n

Ẹ na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹnì kan fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó ìka àárín kan dé èkejì. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni gígùn ọkọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ mítà 1.7 á ṣe ọkọ̀ mítà 5.1, ìwọ̀n yìí la ó máa lò títí dé ìparí. Ní ti fífẹ̀, ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ wọn ìbàdí níbi tó ti gbòòrò jù, kí ẹ wá fi ìkúùkù kan kún un lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó sábà máa ń bọ́ sáàárín sẹ̀ǹtímítà 50 sí 55. Ní ti jíjìn, ẹ di ìkúùkù kí ẹ sì na àtàǹpàkò sókè: láti ìsàlẹ̀ ọwọ́ dé orí àtàǹpàkò, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 sí 18, ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀ máa fi jìn sí etí rẹ̀ lẹ́yìn ibi ìjókòó.

Ẹ má sọ ìwọ̀n yìí di òfin Mósè. Ọdẹ tó ti ń jókòó sínú káyákì láti kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4 kún fífẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kọjá 60, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá etí ọkọ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ àjẹ̀ bọ omi. Sẹ̀ǹtímítà 56 tẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn.

Igi

Fún etí ọkọ̀ àti àwọn ọ̀pá gígùn, igi tó fúyẹ́, tí ìlà ara rẹ̀ lọ tààrà, tí kò ní kókó, ni ẹ ń wá. Cedar, spruce àti pine ni wọ́n máa ń lò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, arère ló súnmọ́ wọn jù ní fífúyẹ́, ó sì rọrùn láti fá, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè jẹrà, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ fi òróró kun gbogbo ojú rẹ̀, títí kan inú ihò. Ìrókò le, àmọ́ ó wúwo jù fún iṣẹ́ yìí.

Ìhà ọkọ̀, ìyẹn àwọn igi pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ láti etí kan dé èkejì bí egungun ìhà, ní tirẹ̀ gba igi tó ń tẹ̀: oak tàbí ash tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ lásán gbẹ. Igi tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ ti le kọjá títẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó kún ọjà. Bí òun nìkan lẹ bá rí, ẹ rì í sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó sè é, kí ẹ sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣẹ́. Pankẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ àga ń lò máa ń tẹ̀ dáadáa nínú ooru, àmọ́ ó rọ̀ ju oak lọ. Ẹ ní láti tò ó súnmọ́ra.

Ohun tí ẹ máa là sílẹ̀ nìyí. Pákó etí méjì, gígùn mítà 5.1, gíga sẹ̀ǹtímítà 6.5, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 2. Ọ̀pá ẹ̀yìn kan tó máa gba àárín ìsàlẹ̀ kọjá, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 2, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ méjì, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 2, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2. Igi ìdábùú mọ́kànlá tàbí méjìlá, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 2, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 4. Ìhà mẹ́rìnlélógún, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2, nínípọn mìlímítà 6. Ṣùgbọ́n méjìlélọ́gbọ̀n ni kí ẹ gé. Okùn tí wọ́n fi ìda rà, ìdì kan tó tó mítà 200. Aṣọ tó gùn tó mítà 5.7, tó fẹ̀ tó mítà 1.5.

Táyé àti Kẹ́hìndé

Ẹ má ra pákó méjì. Pákó kan ṣoṣo tó nípọn ni kí ẹ rà, kí ẹ là á sí méjì, kí etí méjèèjì lè máa tẹ̀ bákan náà. Bí pákó tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ fá orí pákó méjì ní dàgẹ̀rẹ̀ kí ẹ fi epoxy lẹ̀ wọ́n pọ̀. Dàgẹ̀rẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínípọn pákó, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 16 sí 20. Ibi kan náà ni kí oríkèé yẹn wà lára pákó méjèèjì, kí ó sì jìnnà sí àárín, torí oríkèé máa ń le ju igi tó yí i ká lọ. Bí ó bá wà níwájú lára ọ̀kan, tó sì wà lẹ́yìn lára èkejì, ọkọ̀ ti wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fún pákó méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ilà gbogbo ihò kọjá lára àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá wọn ọ̀kan tán tó wá lọ wọn èkejì á ní àṣìṣe mìlímítà méjì níbì kan, kò sì ní mọ̀ títí ìdábùú á fi kọ̀ láti wọlé. Ihò ìhà wà nísàlẹ̀ pákó: mìlímítà 6 ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 2 ní gígùn, mìlímítà 12 ní jíjìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí orí ọkọ̀, kí ẹ máa fi sẹ̀ǹtímítà 18 sáàárín wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gé púláíwúùdù méjì tó máa ti pákó méjèèjì síta láàárín, kí ẹ fi okùn di orí wọn pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gé etí púláíwúùdù náà ní dàgẹ̀rẹ̀ bíi digírì 15, kí òkè pákó ṣí síta díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò. Ẹ na okùn tín-ín-rín láti orí dé ìdí ọkọ̀. Àárín púláíwúùdù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ okùn náà gan-an. Ẹ tún fi igi tààrà méjì dábùú ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ fi ojú kan wò wọ́n. Bí òkè igi iwájú kò bá bá tẹ̀yìn dọ́gba, ọkọ̀ ti lọ́. Ẹ fi okùn fà á ní igun sí igun títí tó fi máa dọ́gba, kí ẹ sì fi okùn yẹn sílẹ̀ síbẹ̀ títí ìdábùú gbogbo á fi wọlé. A ti rí àwọn tó sọ pé ìhà ló máa tún un ṣe. Ìhà kì í tún un ṣe.

Ìdábùú kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n lórí méjèèjì, nínípọn sẹ̀ǹtímítà 1, tó máa wọ inú ihò lára pákó etí. Ẹ lu ihò kọjá, kí ẹ fi èèkàn igi mìlímítà 6 há a, kí ẹ wá fi okùn wé e. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i. Ìgbì omi máa ń yí ọkọ̀ yìí díẹ̀díẹ̀. Oríkèé tí wọ́n dì á gbà fún un, èyí tí wọ́n lẹ̀ á ya.

Ìdábùú kan ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ: èyí tó tẹ̀ bí ọrun, tó wà níwájú ihò ìjókòó, tí itan máa ń fún mọ́ lábẹ́. Masik ni àwọn ará Greenland ń pè é. Òkè rẹ̀ máa ga ju etí ọkọ̀ lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ṣùgbọ́n ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó há a mọ́ ibẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fara kan itan láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè yọ jáde kíákíá. Fún ìdábùú tí ẹsẹ̀ máa tì, ẹ jókòó kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ wọn ibẹ̀ láti ògiri dé orí àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìhà

Ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ ìhà ni gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tán láàárín wákàtí mẹ́ta tí ẹni méjì bá jọ ṣe é. Ẹ fi pákó ṣe àpótí tó gùn tó mítà 1.2, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ gbé omi ka sítóòfù gáàsì nínú ìkòkò tó ní ìdérí, kí ẹ fi rọ́bà tó lè gba ooru gbé oru rẹ̀ wọ inú àpótí. Ẹ má dí àpótí pa: àkísà tí ẹ ki bọ ẹnu rẹ̀ ti tó, kí ẹ sì lu ihò kékeré nísàlẹ̀ kí omi máa ro jáde. Àpótí tí wọ́n dí pa lè bú. Ìgbà tí oru bá ń tú jáde láìdáwọ́ dúró ni kí ẹ tó kó ìhà sínú rẹ̀.

Láti mọ gígùn ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ wáyà iná nípọnnípọn kan láti ihò ọ̀tún dé ihò òsì, kí ẹ fún un ní ìrísí tí ẹ fẹ́, kí ẹ nà án, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi mìlímítà 12 kún un lẹ́ẹ̀mejì fún ohun tó máa wọ inú ihò. Ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ láàárín, igun méjèèjì yí róbótó: ìrísí ìhà nìyẹn. Bí ẹ ṣe ń lọ sí orí àti ìdí ọkọ̀, pẹrẹsẹ náà á máa dín kù títí tí ìhà á fi dà bíi lẹ́tà V.

Igi onínípọn mìlímítà 6 kì í jù ìṣẹ́jú 10 sí 15 nínú ooru. Èyí tó bá pẹ́ jù máa ń gbẹ inú, á sì máa ṣẹ́ pá bíi bisikíìtì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ yọ ọ̀kan ṣoṣo jáde, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ẹ ní. Ẹ kọ́kọ́ tẹ igun méjèèjì lórí orúnkún kọjá ibi tí ẹ fẹ́ kó dé, torí ó máa padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki orí kan bọ ihò, kí ẹ ki èkejì. Ìhà àárín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ síwájú àti sẹ́yìn.

Tí ìhà bá ṣẹ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó jù ú nù, torí ó ń sọ ohun tó pa á. Bí ó bá bó ní èépá gígùn lójú òde, ìlà igi ló sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lọ ṣa igi míì. Bí ó bá ṣẹ́ gbọnrangandan láàárín, ó gbẹ jù tàbí ó tutù lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ etí rẹ̀ ló ti ń la, ẹ kò fi sáńpépà yí etí náà ká. Méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹ́ nínú mẹ́rìnlélógún kì í ṣe nǹkan. Bí mẹ́fà bá ṣẹ́ lé ara wọn lórí, ẹ dáwọ́ dúró. Igi yẹn kò dára.

Kí wọ́n tó tutù tán, ẹ dojú ọkọ̀ dé kí ẹ fi ọ̀pá ẹ̀yìn lé ìhà lórí kí ẹ fi ojú kan wò ó láti orí dé ìdí. Ìhà tó ga jù, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èyí tó rẹlẹ̀ jù, ẹ fà á yọ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ẹ so ọ̀pá náà mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ẹ bá wá ń dì í, ẹ di ìhà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ̀pá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní àgbélébùú. Àwọn kan máa ń fi okùn kan ṣoṣo wé gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibì kan tó bá já, gbogbo rẹ̀ á dẹ̀. Ẹ wé okùn mọ́ igi kékeré kan kí ẹ fi igi náà fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn ọ̀pá ẹ̀yìn ni ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí igun ìhà wà. Ìgbà yìí náà ni ẹ máa fi pákó kékeré di imú ọkọ̀ àti ìdí rẹ̀.

Ẹ fi òróró linseed kun gbogbo egungun lẹ́ẹ̀mejì. Àkísà tí ẹ fi kùn ún, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níta tàbí kí ẹ rì í sómi. Bí ẹ bá ká a jọ sí igun ilé, ó lè gbóná títí á fi gbiná fúnra rẹ̀. Kò nílò ìṣáná.

Aṣọ

Náílọ́ọ̀nù tàbí polyester, gíráàmù 270 sí 340 fún mítà alóníbùú dọ́gba kan. (Aṣọ náílọ́ọ̀nù là ń wí, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì.) Náílọ́ọ̀nù ló le jù sí òkúta àti iyanrìn, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe bí awọ gángan: bí ojú ọjọ́ bá tutù, á dẹ̀, bí oòrùn bá yọ, á le padà. Nítorí náà, wọ́n máa ń rin ín lómi kí wọ́n tó fà á, kí ó lè fún ara rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Polyester kì í ka omi sí, áyọ́ọ̀nù sì lè mú un súnkì lẹ́yìn tí ẹ bá rán an tán. Fún àkọ́kọ́ṣe, polyester la máa yàn.

Ẹ dojú egungun dé, kí ẹ tẹ́ aṣọ lé e. Ẹ rán imú kan bí àpò kékeré kí ó wọ orí ọkọ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí, ṣùgbọ́n kí àpò kejì kúrú tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, kí ó jẹ́ pé agbára lẹ máa fi fà á wọ̀. Ibẹ̀ ni líle gígùn rẹ̀ ti ń wá. Ẹ wá yí ọkọ̀ padà, kí ẹ fi okùn fa etí aṣọ méjèèjì súnmọ́ra lórí, láti àárín lọ síwájú àti sẹ́yìn, bí ẹni ń fa ọsán dùndún. Ẹ gé èyí tó kù, ẹ yí etí rẹ̀ wọlé, kí ẹ rán an pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó tẹ̀, kí ojú abẹ́rẹ́ máa jìnnà síra ní mìlímítà 6 sí 8. Aṣọ tó hunjọ lẹ́bàá ihò ìjókòó fi hàn pé ìdí ọkọ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ rírán, tí ẹ sì ti gbogbo àlékún wá sáàárín. Ẹ tú u. Ọ̀dà kò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Òrùka ihò ìjókòó, igi tí ẹ sè tí ẹ sì tẹ̀ ní bíríkítí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 nínú, ni ẹ máa rán mọ́ aṣọ. Ẹ lu ihò yí i ká ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 síra, ẹ fa aṣọ gba inú rẹ̀ gòkè, kí ẹ rán an. Kò so mọ́ igi kankan bí kò ṣe aṣọ. Ó kàn jókòó lé masik àti ìdábùú ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá ní owó, kí ó lo polyurethane, ọ̀dà líle alápòpọ̀ méjì. Ẹni tí kò bá ní, ọ̀dà olóróró tó dára, ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọjọ́ kan sáàárín wọn. Ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wọ inú aṣọ lọ. Bí ó bá dúró lókè nìkan, á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Polyurethane alápòpọ̀ ní èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, pẹ̀lú ìbòmú tí wọ́n ṣe fún kẹ́míkà. Ìbòmú aṣọ kò wúlò fún un.

Kí ó tó kan omi

Ọkọ̀ yìí ò ní ògiri nínú. Bí omi bá kún un, láti imú dé ìdí ni yóò kún, ẹ kò sì ní lè dà á nù láàárín odò. Àpò afẹ́fẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú ẹsẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìjókòó, tí ẹ so mọ́ egungun kí wọ́n má bàa fò jáde, kì í ṣe ohun tí ẹ máa rà tí owó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀wù amúniléfòó náà ńkọ́? Kí ẹ wọ̀ ọ́ ni, kì í ṣe kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó.

Àjẹ̀ ti Greenland tẹ́ẹ́rẹ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ìnà apá yín pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ kan, abẹ rẹ̀, ìyẹn ibi pẹrẹsẹ tó ń wọ omi, kì í sì í fẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè dì mú lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí 9. Kò yẹ kí ẹ bẹ̀rù pé ó kéré. Gígùn abẹ ló ń ṣiṣẹ́.

Omi tó dé ìbàdí, tí kò ṣàn, ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé e lé, kí ẹnì kejì dúró tì yín. Ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé níbẹ̀, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ lábẹ́ masik. Nígbà tí ẹ bá padà délé, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ gbé e kọ́ sórí ìgbànú méjì níbi ìbòòji, ojú rẹ̀ sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí aṣọ bá ya, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fà á pọ̀, ẹ fi ègé aṣọ kan náà tó fi sẹ̀ǹtímítà 3 ju ojú yíya lọ lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà tútù, kí ẹ tún fi ọ̀dà kùn ún lókè nígbà tó bá gbẹ.